Aṣọ Irun Àgùntàn Lára Ọdẹ: Ìtàn Kóòtù Ọyẹ́ ní Borgou

Àwọn àgbà ní aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Ní Parakou, ní àkókò ọyẹ́, aṣọ tí a ń kí náà a máa nípọn. Ẹni tí ó bá dúró ní ẹ̀bá títì ní Albarika ní kùtùkùtù oṣù Kìíní yóò rí àwọn zémíjàn bí wọ́n ti ń kọjá nínú kóòtù, tí wọ́n fa fìlà bo etí. Yóò rí àwọn ìyá tí ń lọ sí ọjà Arzèkè pẹ̀lú aṣọ ìbora ní èjìká. Yóò sì rí ọdẹ òru tí ó ń darí relé nínú kóòtù gígùn kan, tí ó hàn gbangba pé kì í ṣe òun ni a rán an fún. Bí oòrùn bá gòkè tán, gbogbo aṣọ wọ̀nyí á kúrò lójú títì bí ẹni pé wọn kò sí níbẹ̀ rí.

Ìlú wa wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 9 sí àríwá ìlà tí ó pín ayé sí méjì. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì ni atẹ́gùn gbígbẹ ti aṣálẹ̀ Sàhárà ń fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Afẹ́fẹ́ gbẹ, ìkùukùu kò sí, ooru tí ilẹ̀ gbà lọ́sàn-án a sì tètè fò lọ lóru. Ọ̀sán lè kọjá ìwọ̀n 33 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí òru ọjọ́ kan náà sì bọ́ sí abẹ́ 20. Lórí àwọn òkè Atacora, ó tún ń lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó sùn nínú ilé lè fara dà á. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú igbó lóru ni ó mọ ohun tí ọyẹ́ jẹ́.

Ẹni náà ni ọdẹ. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ wádìí aṣọ kan ṣoṣo tí ó wà lára rẹ̀, èyí tí a fi irun àgùntàn ṣe. Níbo ni ó ti wá? Kí ni ó ná àwọn tí ó mú un wá? Báwo ni a sì ṣe ń yàn án, tí a ń tọ́jú rẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní irú aṣọ bẹ́ẹ̀ nínú àpótí baba tàbí baba-ńlá wa, tí a kò sì mọ̀ pé ìwé ìtàn ni.

Òtútù ọdẹ

Òtútù ọdẹ yàtọ̀ sí òtútù àgbẹ̀. Àgbẹ̀ tí ọyẹ́ bá mú lówùúrọ̀ yóò gbé ọkọ́, kò sì ní pẹ́ tí ara rẹ̀ yóò fi móoru. Ọdẹ a kọ́kọ́ rìn jìnnà, òógùn a sì bò ó. Lẹ́yìn náà ni yóò wá jókòó jẹ́ẹ́ lábẹ́ igi tàbí lórí ẹ̀ka, kò gbọdọ̀ mira, kò gbọdọ̀ dáná, kò gbọdọ̀ wúkọ́. Òógùn tí ó wà lára rẹ̀ ni ọyẹ́ yóò fi mú un. Kì í ṣe lásán ni àwọn baba wa fi ń sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tí ó ro ìyà, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ.

Aṣọ òwú ni aṣọ ọdẹ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin ran òwú, wọ́n sì hun kíjìpá tí ó ki. A fi ẹlú pa á láró títí yóò fi dúdú bí òru, a sì fi rán gbérí tí ọdẹ ń wọ̀ lọ sí igbó. Kíjìpá lágbára, ẹ̀gún kì í tètè fà á ya. Ṣùgbọ́n òwú ní àléébù kan. Bí ó bá ti mu òógùn tàbí ìrì, a lẹ̀ mọ́ ara, a sì di tútù. Ní oṣù Kẹta, àléébù yìí kò jẹ́ nǹkan kan. Ní oṣù Kejìlá, ó lè lé ọdẹ padà sílé kí ilẹ̀ tó mọ́.

Irun àgùntàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè fa omi tí ó tó nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ara rẹ̀ kí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ tó mọ̀ pé ó rin. Àwọn tí ó bá ti ka ìtàn Gídíónì nínú Bíbélì Yorùbá, èyí tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ parí ìtumọ̀ rẹ̀ ní 1884, yóò rántí irun àgùntàn tí a tẹ́ sí ilẹ̀ ìpakà mọ́jú, tí a sì fún ìrì inú rẹ̀ kún odindi àwo. Àwọn tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ Lárúbáwá náà mọ ọ̀rọ̀ náà ṣūf, tí í ṣe irun àgùntàn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé láti ara rẹ̀ ni a ti mú orúkọ àwọn Súfí, nítorí aṣọ onírun gbàgìdì tí àwọn olùfọkànsìn ìgbà àtijọ́ ń wọ̀. A mọ orúkọ nǹkan náà ju bí a ti mọ nǹkan náà fúnra rẹ̀ lọ, ìdí kan sì wà fún èyí.

Ìdí náà ni pé àgùntàn tiwa kò ní irun tí a lè ran. Àgùntàn kúkúrú tí ó kún àgbàlá wa, èyí tí àwọn onímọ̀ ẹran ọ̀sìn ń pè ní Djallonké, irun kúkúrú bí ti ewúrẹ́ ni ó ní. Àgùntàn gíga tí àwọn Fúlàní ń dà kiri ní pápá náà kò yàtọ̀. Nítorí náà, aṣọ irun àgùntàn yòówù tí ó bá wà lára ọdẹ Borgou, ìrìn àjò ni ó rìn kí ó tó débẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ó sì gbà wá.

Aṣọ tí ó gba ọ̀nà pápá wá

Ọ̀nà kìíní ni ọ̀nà àríwá. Ní ilẹ̀ Mali, níbi tí odò Ọya ti pín sí ẹ̀ka púpọ̀, irú àgùntàn kan wà tí a ń pè ní àgùntàn Macina. Òun ni a mọ̀ jù ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fún irun tí a lè rẹ́, kí a ran, kí a sì hun. Àwọn ahunṣọ Fúlàní tí a ń pè ní maabuube ni wọ́n ń fi irun náà hun aṣọ ìbora tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ kaasa. Wọn a hun ún ní ọ̀já tóóró tóóró, wọn a sì so àwọn ọ̀já náà pọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń so òfì. Darandaran a fi kaasa bora ní àkókò òtútù, a sì tún fi dí ẹ̀fọn lọ́nà.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́. Nínú àwọn ihò àpáta Bandiagara ní Mali, àwọn awalẹ̀pìtàn rí àjákù aṣọ tí àwọn ènìyàn tí a ń pè ní Tellem fi sin òkú wọn. Ti òwú wà níbẹ̀, ti irun àgùntàn náà sì wà, àwọn tí ó pẹ́ jù nínú wọn sì ti tó ọ̀rúndún 11. Ẹni tí ó bá sọ pé àwọn òyìnbó ni ó kọ́kọ́ fi aṣọ irun àgùntàn han ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ẹ jẹ́ kí a ní kí ó lọ wo Bandiagara.

Aṣọ yìí sì rin jìnnà. Àwọn Akan ní ilẹ̀ Ghana mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń pè é ní nsaa, aṣọ ọlá ni ní ààfin wọn. Láti ilẹ̀ Ghana kan náà ni ọ̀nà obì ti ń wá sí ìhà tiwa. Orúkọ Gonja ni ó wà nínú obì gbànja tí à ń jẹ títí di òní. Àwọn oníṣòwò Wángárà àti Haúsá a kó obì láti Gonja, wọn a gba Djougou, Parakou àti Nikki kọjá sí ilẹ̀ Haúsá, wọn a sì kó iyọ̀, awọ àti aṣọ padà. Ọ̀nà yìí ni ó sọ Parakou di ìlú àpéjọpọ̀ tí ó jẹ́: Baatonu, Dendi, Yorùbá, Haúsá àti Fúlàní, gbogbo wọn wà nínú rẹ̀. Orúkọ àdúgbò wa náà, Albarika, láti ọ̀rọ̀ Lárúbáwá fún ìbùkún ni ó ti wá. Ìlú tí ó wà lójú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe àjèjì sí aṣọ àwọn ará àríwá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo kaasa pẹ̀lú ojú ọdẹ. Funfun ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, a sì fi pupa, dúdú àti ìyeyè ṣe ọ̀nà sí i. Kò sí ọdẹ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí yóò wọ funfun jókòó de ẹran. Ibi tí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ti wúlò fún un ni àgọ́ rẹ̀, ní ìdí iná, nígbà tí ó bá ń sùn. Aṣọ oorun ni, kì í ṣe aṣọ iṣẹ́.

Aṣọ tí ó gba ọ̀nà òkun wá

Ọ̀nà kejì ni òkun. Aṣọ irun àgùntàn wà lára ọjà tí àwọn òyìnbó kọ́kọ́ kó wá sí etíkun wa, pàápàá èyí tí ó pupa fòò tí a ń pè ní aṣọ òdòdó. Ó wọ́n, ó sì dán. Ọba, ìjòyè àti eégún ni ó gbà á. Ọdẹ kò ní ohun tí yóò fi í ṣe nínú igbó.

Aṣọ tí ó wá dé ara ọdẹ, ọ̀nà ogun ni ó bá wá. Ní 1857 ni ìjọba Faransé dá ẹgbẹ́ ọmọ-ogun tí a ń pè ní tirailleurs sénégalais sílẹ̀. Orúkọ lásán ni Sénégal nínú rẹ̀, nítorí láti gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni a ti kó wọn, Dahomey náà sì wà lára wọn. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀ ní 1914, a kó wọn lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ibẹ̀ ni a ti wọ̀ wọ́n ní kóòtù irun àgùntàn tí ó gùn dé orúnkún, a sì fi fìlà pupa dé wọn lórí, chéchia, tí irun àgùntàn náà ni a fi ṣe é.

Kóòtù náà nípọn, ṣùgbọ́n òtútù ibẹ̀ ju kóòtù lọ. Nígbà tí àwọn ọ̀gágun rí i bí àìsàn ti ń pa àwọn ọmọ Áfíríkà, wọ́n pinnu pé bí òtútù bá ti ń sún mọ́, kí a máa kó wọn kúrò lójú ogun lọ sí gúúsù, sí Fréjus àti Saint-Raphaël, títí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi dé. Hivernage ni wọ́n pe ètò náà. A kó àwọn kan lọ sí àgọ́ kan ní Le Courneau, lẹ́bàá Arcachon, lórí ilẹ̀ tí ó kún fún omi. Ní 1916 àti 1917, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró pa àwọn tirailleurs tí ó ju 900 lọ níbẹ̀, láìjẹ́ pé ìbọn kankan bà wọ́n. Aṣọ irun àgùntàn a máa gbe ènìyàn nínú ìrì òru kan. Bí kò bá rí ibi gbẹ láti oṣù dé oṣù, kò lè gba ẹnikẹ́ni là. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin 1917, a kó wọn wọ ogun Chemin des Dames nínú òjò dídì àti ẹrẹ̀. Nígbà tí ogun náà fi máa parí ní 1918, nǹkan bí 30,000 ọmọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ó ti bá a lọ.

Ní àkókò ọyẹ́ kan náà tí àwọn yẹn ń wúkọ́ ní Le Courneau, ilẹ̀ Borgou ń jó. Àwọn Baatonu ti kọ̀ láti máa kó ọmọ wọn fún ogun àti láti máa ru ẹrù fún ìjọba láìsinmi. Bio Guéra ni ó ṣáájú wọn. Ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá 1916 ni ó kú lójú ìjà. Bí a bá gbé ìtàn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ó rí i pé kóòtù ológun kì í ṣe ẹ̀bùn. Àwọn kan kú nítorí pé wọ́n kọ̀ ọ́, àwọn mìíràn sì kú nínú rẹ̀.

Lára àwọn tí ó padà bọ̀, àwọn kan mú kóòtù tàbí fìlà wọn bọ̀ wálé, bákan náà ni ó sì rí lẹ́yìn ogun 1939 sí 1945. Ní ìletò, irú kóòtù bẹ́ẹ̀ rí iṣẹ́ mìíràn ṣe. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí koríko gbígbẹ tàbí erùpẹ̀, ó sì bá pápá Borgou mu ní oṣù Kìíní. Ó gùn, ó lè bo orúnkún ẹni tí ó jókòó. Kì í dún bí a bá yí ara padà. Iná kì í tètè ràn án bí ó ti ń ràn òwú, èyí kì í sì ṣe ohun kékeré fún ẹni tí ìbọn rẹ̀ ń tú iná ẹ̀tù ká.

Lẹ́yìn ogun, òwò gba iṣẹ́ náà ṣe. Ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ láti Cotonou ti dé Parakou ní 1936, ó sì sọ ìlú wa di òpin ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ọkọ̀ àríwá. Lóde òní, aṣọ àlòkù tí a ń pè ní yúgúyúgú, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní òkìrìkà, ń gba èbúté Cotonou wọlé. Nínú òkìtì yìí ni ọdẹ, zémíjàn àti ọdẹ òru ti ń ṣa kóòtù àti súwẹ́tà ọyẹ́ wọn.

Yíyàn àti títọ́jú

Láti inú ìtàn yìí ni ìmọ̀ ti jáde, ó sì yẹ kí a kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí ń lọ sí oko, àti fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò kọjá sí Yúróòpù níbi tí òtútù ti ju tiwa lọ.

Ohun àkọ́kọ́ ni láti mọ irun àgùntàn tòótọ́ yàtọ̀ sí ayédèrú, nítorí ọ̀pọ̀ súwẹ́tà inú yúgúyúgú ni a fi okùn àtọwọ́dá ṣe. Fa fọ́nrán kan yọ ní etí aṣọ náà, kí o sì fi iná sí i. Bí ó bá ń run bí irun orí tí ó jóná, tí eérú rẹ̀ sì ń fọ́ lọ́wọ́, irun àgùntàn ni. Bí ó bá yọ́, tí ó sì dì bí ìlẹ̀kẹ̀ líle, ayédèrú ni, kò sì yẹ kí ó sún mọ́ iná tàbí ẹ̀tù. Bí ó bá ń run bí ìwé tí ó jóná, òwú ni.

Ohun kejì ni bí a ti ń wọ̀ ọ́. Pápá wa kún fún èèmọ́, kò sì sí aṣọ tí èèmọ́ fẹ́ràn bí irun àgùntàn. Nítorí náà, ẹni tí ó gbọ́n yóò wọ irun àgùntàn sínú, yóò sì wọ gbérí tàbí ẹ̀wù òwú fífẹ̀ sórí rẹ̀. Òwú yóò gba ẹ̀gún àti èèmọ́, irun àgùntàn yóò sì gba òtútù. Nígbà tí ó bá ń rìn, yóò bọ́ ti irun àgùntàn sínú àpò kí òógùn má bàa mu ún yó. Ìgbà tí ó bá fẹ́ jókòó ni yóò tó wọ̀ ọ́. Bí kóòtù náà bá ní bọ́tìnnì idẹ dídán, kí ó yọ ọ́, kí ó fi ti igi tàbí ti ìwo rọ́pò rẹ̀.

Ohun kẹta ni fífọ̀. Omi gbígbóná a máa sọ irun àgùntàn di kíki, aṣọ àgbà a sì kéré fún ọmọdé. Ọṣẹ líle, títí kan ọṣẹ dúdú wa tí a fi eérú sè, a máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Omi tútù àti ọṣẹ jẹ́jẹ́ ni ó dára. A kì í lọ́ ọ fún, a kì í sì fi kọ́ sórí okùn, kí omi má bàa fà á gùn. A ó tẹ́ ẹ sórí ẹní lábẹ́ òjìji títí yóò fi gbẹ. Kò sì yẹ kí á máa fọ̀ ọ́ lemọ́lemọ́. Atẹ́gùn ọyẹ́ fúnra rẹ̀ lè ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà bí a bá fẹ́ ẹ síta lóru kan, tí a sì gbọn eruku rẹ̀ lówùúrọ̀.

Ohun kẹrin ni kòkòrò. Ìdin àfòpiná kékeré kan ni ó ń jẹ irun àgùntàn, ibi tí òógùn àti ọ̀rá wà ni ó sì fẹ́ràn jù. Nítorí náà, aṣọ ìdọ̀tí kò gbọdọ̀ wọ inú àpótí. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ń sún mọ́, kí a fọ̀ ọ́, kí a sá a, kí a dì í sínú àpò tí kò ní ihò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi ewé dóńgóyárò tàbí káfúrà sí i. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí igbó gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹ síta fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí imú ẹran yóò gbọ́ òórùn káfúrà kí ojú ọdẹ tó rí ẹran.

Àkísà àgbà

Igbó kò rí bí ó ti rí mọ́. Òfin 2002-16 ti ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá 2004 ti fi ìṣọdẹ ní Benin sí abẹ́ ìwé àṣẹ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹran igbó kò pọ̀ bí ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n èdè wa kò yí orúkọ padà. Ẹni tí ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù àti ilé ní òru ní Albarika, ọdẹ ni à ń pè é, ọyẹ́ tí ó mú baba-ńlá wa lábẹ́ igi ni ó sì ń mú un lẹ́nu ọ̀nà. Kóòtù ara rẹ̀ ni ó kẹ́yìn nínú ìtàn tí a sọ yìí.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ kan ni a ní sí ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí baba bá kú, tí ẹ sì ń tú àpótí rẹ̀, ẹ má ṣe yára da kóòtù àtijọ́ sórí ààtàn, ẹ má sì tà á kí ẹ tó bi àwọn àgbà ìdílé léèrè. Ta ni ó wọ̀ ọ́? Láti ibo ni ó ti mú un bọ̀? Ẹ yẹ inú rẹ̀ wò bóyá a kọ nọ́ńbà tàbí òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ ọmọ-ogun kan sí i. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá gbọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àti ọdún, kí ẹ sì fi ìwé náà sínú àpò kóòtù. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ̀ ọ́ bí a ti wí, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀.

Àwọn Yorùbá ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Kóòtù tí ìdin ti jẹ ní etí, tí iná ẹ̀tù sì ti bà ní apá, wà lára àkísà tí òwe náà ń sọ. Àwọn tí ó wọ̀ ọ́ kò kọ ìwé. Bí a bá jẹ́ kí kòkòrò jẹ ẹ́ tán, kò sí ibòmíràn tí a ó ti kà nípa wọn.